Nẹ́ptúùnù Kì í Kánjú

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó ba iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èmi ni. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kú, wọn ò sì bímọ. Èmi àti ẹ̀ nìkan la jọ ń gbé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ẹ lè fúnra yín ka iye èèyàn tó kù nínú ilé.

Iléèwé girama kan wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Koríko ló kọ́kọ́ ń gé. Nígbà tó yá wọ́n ní kó máa fọ àwọn ìgò inú yàrá sáyẹ́ǹsì, ó sì fọ̀ wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ó yẹ kó padà sídìí koríko. Bàbá Láàbù ni àwọn ọmọ ń pè é. Òun fúnra ẹ̀ ò kàwé dópin. Ọdún tí bàbá wa kú, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ní láti fi iléèwé sílẹ̀ kí ìkejì lè rí iṣẹ́ kọ́. Òun ló fi í sílẹ̀, èmi ni mo kọ́ṣẹ́. Kò fìgbà kankan gbé e sọ sí mi létí, ìyẹn ló sì burú jù. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore tó ń fi yangàn, o lè bá a jà. Èyí tó dákẹ́, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni oòrùn. Kì í ṣe kó jókòó sínú ẹ̀ o, kó sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni. Tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ò bá wá, wọn kì í kúkú sábà wá, òun ló máa dúró níwájú àwọn ọmọ pẹ̀lú gíláàsì ojú ẹ̀ tó nípọn bí ìdí ìgò. Á ní: "Ẹ̀yin ọmọ, oòrùn ò lọ ibì kankan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Àwa là ń yí i po." Á ní ìràwọ̀ ni oòrùn fúnra ẹ̀, bíi ti àwọn tí à ń rí lálẹ́, pé torí ó sún mọ́ wa ló ṣe tóbi lójú wa. Á ní tí èèyàn bá to ayé mọ́kàndínláàádọ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè gba àárín oòrùn láti etí kan dé èkejì. Á ní ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé látojú fèrèsé yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi rìn kó tó débẹ̀. Àwọn ọmọ á yíjú síbi fèrèsé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó gbìyànjú ẹ̀ lára èmi náà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ àwa là ń yí, kí ló dé tí òòyì ò kọ́ mi?"

Ó ní, "Tí ọkọ̀ bá ń lọ geere lójú títì tó dáa, tí o sùn sínú ẹ̀, ṣé o máa ń mọ̀ pé ó ń lọ?"

Mo ní èmi kì í sùn nínú ọkọ̀, olè pọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ṣì máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ọdún mẹ́rin ló fi ṣe ẹ̀rọ ẹ̀. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àárín tábìlì ni oòrùn wà, gílóòbù iná kan tó rí roboto, tó fi búlúùbù pupa rúsúrúsú sínú ẹ̀. Apá wáyà mẹ́jọ ló yọ jáde lábẹ́ oòrùn yẹn, wọ́n ń gùn ju ara wọn lọ, pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ tín-ín-rín ni Mẹ́kúrì. Bọ́tìnnì funfun ni Fẹ́núsì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Àgùàlà, tí wọ́n ní ajá òṣùpá ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni, pé ayé tó dá dúró ni, ooru tó wà níbẹ̀ sì lè yọ́ òjé. Bọ́tìnnì búlúù ni Ayé wa, mo gé e lára ẹ̀wù kan tí oníbàárà ò wá gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa ni Máàsì. Igi roboto tí wọ́n fi ń fa ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ kan ló gbẹ́ tó fi ṣe Júpítà, ó sì kùn ún ní ìlà ìlà. Ó gé ọmọrí agolo yípo, ó fi ṣe òrùka fún Sátọ̀n. Yúránọ́ọ̀sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń yí gbiri lórí ẹní, ó ní bó ṣe rí lókè lọ́hùn-ún náà nìyẹn. Nẹ́ptúùnù ló gbẹ̀yìn, òwú búlúù tí èmi fúnra mi ká rubutu ni, ó wá fi fáníìṣì kùn ún.

Mọ́tò fáànù kan tó ti jóná tó tún wáyà ẹ̀ ṣe ló ń yí gbogbo wọn. Abẹ́ tábìlì ni àwọn wíìlì eléyín wà. Pákó ni, ó fi ayùn gé wọn, ó fi fáìlì rẹ́ eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan ló dúró fún ọdún kan. Tí Ayé bá yí po lẹ́ẹ̀kan, Mẹ́kúrì á ti yí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Máàsì á gba bí ìṣẹ́jú méjì. Júpítà, méjìlá. Sátọ̀n, kó dín díẹ̀ ní ọgbọ̀n. Yúránọ́ọ̀sì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Nẹ́ptúùnù tó wà lẹ́yìn pátápátá, wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí o bá jókòó wò ó, wàá ní ó ti kú. Tí o bá lọ jẹun tí o padà, wàá rí i pé ó ti sún díẹ̀, bí ìyá arúgbó tó ń lọ sílé ìtọ̀.

Ohun méjì ló kù tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́, wíìlì kan ṣoṣo tó ní eyín méjìlélọ́gọ́ta ló ń gbé agbára fún àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn Júpítà. Wíìlì Ìyá ló ń pè é. Ìkejì, kò kan apá àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ wíìlì wọn pa. Awẹ́ aṣọ tó nípọn ló fi sáàárín, èmi ni mo gé e fún un, kí èèyàn lè fọwọ́ ti pílánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ kó wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ náà kó tó tan mọ́tò. Tí o bá tì í, á lọ. Tí o bá fi í sílẹ̀, á máa bá ìrìn tiẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ẹ̀rọ yẹn parí náà ni ìròyìn dé. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ fẹ́ da iléèwé mẹ́ta pọ̀ mọ́ra. Yàrá sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni wọ́n máa fi sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ á sì dúró. Méjì tó kù á di ibi tí wọ́n ń kó àga sí, kí àwọn tó ń tọ́jú wọn máa lọ sílé wọn. Alábẹ̀wò mẹ́ta ló ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń lò ní yàrá kọ̀ọ̀kan.

Nígbà yẹn, dókítà ojú ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ẹ̀ méjèèjì ń lọ, pé oògùn á kàn máa dì í mú ni, kò ní wò ó sàn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Nínú yàrá sáyẹ́ǹsì yẹn, ó mọ ibi tí ìgò kọ̀ọ̀kan wà láìwò ó. Ó lè mú èyí tí o bá dárúkọ nínú òkùnkùn biribiri. Tí wọ́n bá mú un kúrò níbẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ́ níta? Afọ́jú tó ń tá ràrà lójú títì. Ohun tó ń lé oorun lójú mi nìyẹn.

Ọ̀gá iléèwé náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bẹ̀rù. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ bá wa bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló lè yọ wá. Kó kàn jẹ́ kí gbogbo wọn máa yí kíá, kí ojú àwọn àlejò lè rí nǹkan."

Mo bá a sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n máa lò. Wọ́n á rí i pé àwọn ti ẹ̀yìn ò mira. Wọ́n á ní ó ti bàjẹ́."

"Màá ṣàlàyé fún wọn."

"Ta ló ń gbọ́ àlàyé láyé ìsinsìnyí? Ẹ jẹ́ kó yí kíá, ọjọ́ kan péré."

"Àwọn ọmọ á wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ kan péré yẹn, òun ni wọ́n á gbé lọ́kàn dọjọ́ alẹ́ wọn." Ó ń yẹ egungun ẹja nù lọ́wọ́, ó rọra ń ṣe é torí ojú ẹ̀. "Nẹ́ptúùnù kì í kánjú, àbúrò mi. Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́, wọn ò gba òun."

Inú bí mi. Mo ní orí kunkun ló máa pa á, mo ní kó lọ jẹ Nẹ́ptúùnù lálẹ́, mo gbé abọ́ kúrò níwájú ẹ̀ kó tó jẹun tán.  Ó kàn nu ọwọ́ ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àbẹ̀wò, mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní yàrá sáyẹ́ǹsì. Mo débẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kí mi, ni wọ́n wá pè é pé kó wá bá wọn to àga ní gbọ̀ngàn. Ó ku èmi nìkan. Ó ti fọwọ́ ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ síbi tó yẹ kí wọ́n wà lọ́jọ́ kejì, ó ti nu gílóòbù náà títí ó fi ń dán. Òwú dúdú wà lápò mi. Ìgbà wo ni òwú ò sí lápò aránṣọ? Mo fi so apá Sátọ̀n mọ́ ti Júpítà lábẹ́, mo so Yúránọ́ọ̀sì mọ́ Sátọ̀n, mo so Nẹ́ptúùnù mọ́ Yúránọ́ọ̀sì, mo fa òwú náà le. Mo rọra fi ìka ti Júpítà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé e. Ìdùnnú sọ nínú mi, ẹ ò ní gbà gbọ́. Mo ní èmi náà ti di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo ní ojú ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbé òwú tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn alábẹ̀wò, mo rò pé ohun tí èmi mọ̀ làwọn náà mọ̀. Èmi tó jẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ mi, tí o bá ní Nẹ́ptúùnù, màá bi ọ́ pé ṣé oògùn orí fífọ́ ni àbí ti inú rírun.

Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá iléèwé ní kí n gbé aṣọ tábìlì tí mo rán wá, bí mo ṣe wà nítòsí fèrèsé yàrá náà nìyẹn. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni wọ́n. Àwọn ọkùnrin náà wọlé, wọ́n wo ẹ̀rọ, ọ̀kan súfèé. Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ ńlá mà lèyí o!" Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣàlàyé, ó kọjú sí wọn, ohùn ẹ̀ dúró ṣinṣin. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ lọ́kàn pé ṣé ẹ rí i, ṣé ẹ rí i.

Obìnrin yẹn ò sọ̀rọ̀. Ó ti dàgbà, ó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí tábìlì títí ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin fi kọjá.

Ó ní, "Bàbá, ọdún mélòó ni Nẹ́ptúùnù fi ń yí oòrùn po?"

"Ọgọ́jọ ọdún ó lé márùn-ún, mà."

"Júpítà ńkọ́?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé méjìlá, mà."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi jọ ń rìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọ gíláàsì, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e sójú. Ó tẹrí ba títí imú ẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Ó rí wọn. Júpítà ló wà níwájú, àwọn mẹ́ta ń tẹ̀ lé e, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Òwú ni kò rí. Mi ò tíì rí kí ojú èèyàn ṣá bẹ́ẹ̀ rí. 

Ó ní, "Mi ò mọ̀, mà."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi ni, mà. Ọdún mẹ́rin."

"Ẹ sì ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ?"

 Obìnrin náà nàró. Kì í ṣe pé ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ká ní ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá rí ẹni bú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní, "Ká ní àwọn ti ẹ̀yìn yìí dúró bí ẹni pé wọn ò mira, ǹ bá fa àga, ǹ bá jókòó dè wọ́n, torí ǹ bá mọ̀ pé ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Èyí ń purọ́, bàbá. Ẹ kọ̀wé sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Tí mo bá rí i pé ẹ mọ ìdí ẹ̀, màá padà wá wò ó." Ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀, wọ́n jáde, ọ̀gá iléèwé fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ tẹ̀ lé wọn.

Mo sáré wọlé. Eyín mi ni mo fi gé òwú náà. Mo ká a sọ́wọ́, mo jáde, mo délé, mo jù ú síná. 

Ẹ̀gbọ́n mi padà sínú yàrá yẹn, ó tan ẹ̀rọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí Nẹ́ptúùnù wà, ó jókòó tì í. Mo lọ bá a nírọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pé, Nẹ́ptúùnù sì ti padà sórí ṣọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ó ń ṣe dáadáa," ló wí. "Àbúrò mi, kí ló dé tó fi ń ṣe dáadáa?"

Mo wo àmì ṣọ́ọ̀kì náà.

"Ṣé o rí ẹnikẹ́ni tó wọ ibí lánàá, nígbà tí mo lọ to àga?"

Ibẹ̀ gan-an ni. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó kù kí n gbẹ́sẹ̀ wọlé. Mo ní, "Mi ò rí ẹnì kankan."

Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wo èyí tí mo fọ́ nílẹ̀. Ní àràárọ̀ màá ní òní ni màá sọ ọ́. Ní ọ̀sán màá ní kó jẹun ná. Ojú ń tì mí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lè fojú kojú pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí, ẹ bi wọ́n wò. Ẹni tó fi iléèwé sílẹ̀ kí n lè mọ abẹ́rẹ́ dì mú, òun ni mi ò lè wò lójú kí n sọ fún pé abẹ́rẹ́ náà ni mo fi gún un.

Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ó ní tí àwọn mẹ́ta bá ṣìnà lẹ́ẹ̀kan náà, ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé ni Wíìlì Ìyá. Ó ka eyín ẹ̀, ó tún un kà. Méjìlélọ́gọ́ta. Nígbà tó ku ọjọ́ kan, ó kọ lẹ́tà náà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, lẹ́tà ńláńlá, kó lè rí ohun tó ń kọ. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe dáadáa báyìí, òun sì ti wá àṣìṣe náà títí, òun ò mọ ìdí ẹ̀, òun ò sì ní fi irọ́ dípò ohun tí òun ò mọ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Èmi náà ni mo lẹ̀ ẹ́, èmi náà ni mo gbé e lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì yẹn fún wákàtí kan pẹ̀lú bírò lápò. Ìlà kan ṣoṣo ni ǹ bá fi kún un. Mo fi lẹ́tà náà lé akọ̀wé lọ́wọ́ bó ṣe wà, mo wálé.

Ọ̀kan nínú iléèwé méjì tó kù ni wọ́n mú. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti kó àga kún yàrá sáyẹ́ǹsì títí dé òrùlé, ẹ̀gbọ́n mi sì kó ẹ̀rọ ẹ̀ wálé nínú páálí mẹ́rin. Àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń ké "Bàbá Láàbù!" sí i láti òdìkejì títì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn tó mọ̀ ọ́n jáde iléèwé, àwọn tuntun ò mọ̀ ọ́n.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Ojú kan ti lọ pátápátá. Èkejì ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí láàárọ̀ kí oòrùn lè kan án lójú. Kì í sọ̀rọ̀ oòrùn mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wo ló wà lójú ọ̀run lóṣù yìí, mo kàn fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni. Ó ní òun ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò dá òun lójú mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wí o. Ọkùnrin tó mọ gbogbo ẹ̀ lórí. Tó bá di ọ̀sán, á wọlé, á gbé Wíìlì Ìyá lé itan, á máa fi àtàǹpàkò ka eyín ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Tí ó bá dé bí ogójì, á ṣì í kà, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mò ń rán aṣọ lọ́wọ́, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ tó ń kà, mo kàn rí i pé mo ti dìde. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wíìlì yẹn sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é rí. Òwú ni. Èmi ni mo fi òwú so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ Júpítà, kí wọ́n lè máa yí kíá. Èmi náà ni mo gé e kúrò."

Àtàǹpàkò ẹ̀ dúró.  Mo ń retí kó nà mí. Mo fẹ́ kó nà mí. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí mi ò rí láti ọdún mẹ́ta.

"O ṣeun," ló wí. "Mo mọ̀ pé àánú mi ń ṣe ọ́. O wá jókòó, o ronú nǹkan tó máa jẹ́ kí n sinmi."

"Mi ò ronú nǹkan kan! Mo ní èmi ni!"

"Òwú náà dà?"

"Mo sun ún."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó mi orí. "Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn, o ní o ò rí ẹnì kankan. Àbúrò mi, o máa ń bú mi, o máa ń gbé oúnjẹ kúrò níwájú mi, ṣùgbọ́n o ò purọ́ fún mi rí. Má bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí torí kí inú mi lè dùn."

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìyá wa búra. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi títí ó fi rí i, ó fọwọ́ lé e bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà ní kékeré, ó ní ó ti tó, pé òun ti gbọ́, kí n dìde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ó lé e bá lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó gbé wíìlì náà sí mi lọ́wọ́.

"Tó o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, bá mi kà á. Ìwọ lojú ẹ ṣì dáa. Má fo ìkankan."

Kí ni kí n ṣe? Mo kà á sókè, kó lè gbọ́. Mo ní, "Méjìlélọ́gọ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ó pé."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ó mí kanlẹ̀, ó fara ti ògiri. Ó ní, "Àṣìṣe mi wà nínú ẹ̀ níbì kan. Tún un kà."

Mo fi èékánná lé eyín àkọ́kọ́. Mo ní, "Ení."